Bí Ẹnì Kan Ṣoṣo Ṣe Lè Ti Jonquet Lọ Wo Òkè Kpalimé

Ní gáréèjì Jonquet, aago kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ kúrò, èrò ni. Ìgbà tí ọkọ̀ bá kún ló tó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ti Kútọ̀nú lọ wo òkè, ọ̀rọ̀ yìí ni kó kọ́kọ́ mọ̀, nítorí àsìkò tí ọkọ̀ kún láàárọ̀ ló máa sọ bóyá ojú ọ̀sán ló máa fi rí òkè, àbí inú òkùnkùn ni yóò gbà kọjá lẹ́sẹ̀ òkè tí kò ní rí ju iná ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Jonquet jẹ́ àdúgbò kan láàárín Kútọ̀nú, kò jìnnà sí Zongo. Ilé ọtí àti ilé ijó tó ń ṣí mọ́jú ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n gáréèjì tún wà níbẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà etíkun lọ sí ìwọ̀-oòrùn ti ń gbèrò: èyí ń lọ Comè, èyí ń lọ Grand-Popo, èyí ń lọ bọ́dà Hillacondji, èyí ń lọ Lomé tààrà. Nítorí èyí, òkè tó bá ọ̀nà ọkọ̀ Jonquet mu wà ní ilẹ̀ Tógò, ní agbègbè Kpalimé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè pé, Àtàkórà tiwa ní Benin ńkọ́? Òkè tó rẹwà ni, kò sí àníàní. Àmọ́ ó ju 500 kìlómítà lọ sí Kútọ̀nú, ọ̀nà rẹ̀ kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2019 ni wọ́n jí àwọn ará Faransé méjì gbé nínú ọgbà ẹranko Pendjari, tí wọ́n sì pa ọmọ Benin tó ń mú wọn kiri. Láti ìparí ọdún 2021 ni àwọn agbébọn ti ń kọlu sójà àti ará abúlé ní ìpẹ̀kun àríwá. Èmi kò ní rán ẹni tó dá wà lọ síbẹ̀ lásìkò yìí. Ìdàáṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ náà ní òkè, wọ́n sì tún jẹ́ ilẹ̀ àwọn tó ń sọ èdè wa, ṣùgbọ́n òkè tiwọn jẹ́ àpáta tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, bí Olúmọ ṣe dá dúró l'Ábẹ́òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ òkè tó so mọ́ òkè, tí ọ̀nà ń lọ́ gba inú igbó rẹ̀ gòkè, Kpalimé ni kó máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí gáréèjì. Bí ẹ bá ṣe ń wọlé ni àwọn tó ń pe èrò á ti máa ké "Lomé! Lomé!", tí ọ̀kan á sì ti di àpò yín mú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àpò yín ṣáájú yín wọ ọkọ̀. Takisí kékeré tó ń rin ọ̀nà jíjìn, èrò méjì ló sábà máa ń jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin á sì fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn. Èrò mẹ́fà yẹn ni ọkọ̀ ń dúró dè. Wọ́n á sọ fún yín pé ẹyọ kan ló kù. Ẹ wo búùtù kí ẹ tó gbà wọ́n gbọ́. Èrò tòótọ́ ní ẹrù: báàgì, agbọ̀n, kẹ́ẹ̀gì, ike tí wọ́n fi okùn dì. Bí ọkọ̀ bá kún fún èèyàn tí búùtù sì ṣófo, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ gáréèjì tó jókòó kí ọkọ̀ lè dà bí èyí tó fẹ́ lọ. Bí ẹ bá ti sanwó tán ni wọ́n á máa sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí dídá lọ ti ṣàǹfààní nìyí. Àwọn tó jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní láti wá ọkọ̀ tó ṣì ní àyè púpọ̀, ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí kò tíì múra àtilọ. Ẹnì kan ṣoṣo lè rìn káàkiri gáréèjì títí yóò fi rí ọkọ̀ tó ti ní èrò márùn-ún, kó wọlé, kí wọ́n sì gbéra lójú ẹsẹ̀. Òun gan-an ni gbogbo wọn ti ń retí. Nítorí náà kò sóhun tó ń lé yín. Ẹ kí àwọn tó ti jókòó, ẹ bi ìyá tó gbé ẹrù lẹ́sẹ̀ pé èló ló san. Àwọn ìyá oníṣòwò tó ń ná ọ̀nà yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ iye rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, wọn kì í sì í fi pamọ́ fún ẹni tó bá kí wọn dáadáa. Ẹ dunadúrà owó ẹrù kí ẹrù tó wọ búùtù. Bó bá ti wọlé, ọwọ́ awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí agbára bá sì wà, ẹ san owó ìjókòó méjèèjì tó wà níwájú. Ẹsẹ̀ yín á nà, ẹ ó sì rí ọ̀nà.

Láti Kútọ̀nú dé Lomé kò ju nǹkan bí 150 kìlómítà lọ, ó sì ń tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin nítorí bọ́dà. Àwọn ọkọ̀ kan á kọjá pẹ̀lú èrò wọn, àwọn mìíràn á já yín sí Hillacondji kí ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá lọ wọ ọkọ̀ Tógò. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ kí ẹ tó sanwó. Benin àti Tógò wà nínú ECOWAS, àdéhùn ọdún 1979 sì fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ ilẹ̀ èkejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tàbí ìwé ìrìnnà dání, pẹ̀lú káàdì tí wọ́n fi ń jẹ́rìí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ọmọ Nàìjíríà tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Benin, kó rí i dájú pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé òun níbẹ̀, nítorí Hillacondji ni wọ́n á ti bi í léèrè. Owó kò yí padà. Sẹfà tí ẹ fi ra omi ní Jonquet náà lẹ ó fi ra píà ní Kpalimé. Ẹ kàn ṣáà mú owó wẹ́wẹ́ dání, torí ṣẹ́ńjì ṣọ̀wọ́n bíi wúrà lójú ọ̀nà.

Aago ni kì í ṣe ọ̀kan náà. Aago Tógò fi wákàtí kan gbẹ̀yìn ti Benin. Bí ẹ bá kọjá bọ́dà ní aago mẹ́sàn-án, aago mẹ́jọ lẹ bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé èrè ni, wọ́n á sì fi wákàtí yẹn jókòó jẹun. Oòrùn ò mọ bọ́dà o. Ní Kútọ̀nú, nǹkan bí aago méje ni ilẹ̀ ń ṣú. Ní Lomé àti Kpalimé, nǹkan bí aago mẹ́fà ni. Ẹni tó bá ń wo aago Tógò pẹ̀lú ojú ará Benin, tó ní aago márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ ọn lórí òkè. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ẹ wà ní Jonquet kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, kí ọ̀sán tó pọ́n kí ẹ ti kúrò ní Lomé.

Ní Lomé, ẹ sọ fún ọlọ́kadà pé "gare de Kpalimé" lẹ̀ ń lọ, yóò mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ̀ ṣe ń kún ní Jonquet náà ló ṣe ń kún níbẹ̀. Kpalimé jẹ́ nǹkan bí 120 kìlómítà sí Lomé, ní apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ ó kọ́kọ́ rí: oko àgbàdo, ọ̀pẹ, pápá. Lẹ́yìn náà ni òkè ńlá kan yóò yọ níwájú. Òkè Agou nìyẹn, òun ló ga jù ní gbogbo Tógò, 986 mítà. Ó yà sọ́tọ̀ díẹ̀ sí àwọn òkè yòókù, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tètè rí i.

Àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Agou jẹ́ ara okùn òkè kan tó gùn gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ nítòsí Accra ní Gánà, ó gba Tógò kọjá, ó sì parí sí Àtàkórà ní Benin. Òkúta líle kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartzite ló pọ̀ nínú rẹ̀. Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ilẹ̀ ńlá méjì ti ara wọn, tí ilẹ̀ tó wà láàárín wọn sì ká jọ. Láti ìgbà náà ni òjò ti ń jẹ ilẹ̀ rírọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, tí òkúta líle yẹn sì ń ṣẹ́ kù sókè.

Òkè yìí ló sì fa òjò agbègbè náà. Ó máa ń ya àjèjì lẹ́nu pé Lomé tó wà létí òkun kì í sábà rí òjò tó 1,000 mílímítà lọ́dún, nígbà tí Kpalimé tó jìnnà sí òkun ń rí ju 1,300 lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkun bọ̀ ń gbé ọrinrin dání. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sí ohun tó dá a dúró, púpọ̀ nínú ọrinrin náà ló ń bá a lọ. Tó bá dé ẹsẹ̀ òkè, kò rí ibi gbà àfi kó gùn ún. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù. Bó ṣe ń tutù ni ọrinrin ń di kùrukùru, tó sì ń rọ̀ ní òjò. Ìdí tí igbó fi dúdú lọ́hùn-ún nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí kòkó àti kọfí fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Àwọn ará Jámánì, tó gba ilẹ̀ Tógò lọ́dún 1884, rí èyí kíákíá. Wọ́n la ojú irin 119 kìlómítà láti Lomé wá sí Kpalimé, ó sì ṣí lọ́dún 1907, kí èso òkè lè rí ọ̀nà dé etíkun. Lẹ́yìn ogun 1914, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ náà mọ́wọ́. Àwọn tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dìbò lọ́dún 1956, wọ́n sì bá Gánà lọ sí òmìnira lọ́dún 1957. Ìdí nìyẹn tí bọ́dà fi gba orí òkè kọjá, tó sì jẹ́ pé Ewe ni wọ́n ń sọ lápá ìhín àti lápá ọ̀hún.

Kpalimé fúnra rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òkè. Ẹ gba yàrá, ẹ sinmi, ẹ jẹ fùfú. Iṣu gígún ni fùfú tiwọn, iyán gan-an ni, ọbẹ̀ rẹ̀ ṣàn ju tiwa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ bi onílé-èrò pé ta ló mọ̀ tó ní ọ̀kadà tó dára. Ẹ má ṣe mú ẹni tí ẹ kàn rí lójú títì, torí ẹni tí onílé-èrò bá pè ní orúkọ tó ń dáàbò bò. Ẹ̀yin méjèèjì ní láti fẹnu kò lórí ibi tí ẹ ń lọ, bóyá yóò dúró dè yín tàbí yóò padà wá, ẹni tí yóò ra epo, àti àsìkò tí ẹ gbọ́dọ̀ ti padà sílé. Ẹ san ìdajì, kí ìdajì kù sí ìgbà tí ẹ bá padà dé. Ẹ fi àwòrán nọ́ńbà ọ̀kadà náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé, kí ọlọ́kadà sì rí i pé ẹ ṣe é.

Ọ̀nà òkè Klouto ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gùn. Kò tó 15 kìlómítà láti Kpalimé dé abúlé Kouma-Konda, síbẹ̀ ojú ọjọ́ á yí padà lára yín kí ẹ tó débẹ̀. Ọ̀nà náà ń ká gba abẹ́ igi ńláńlá, kọ́nà kan ò tíì parí tí òmíràn á ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí igi bá ti là, ẹ ó rí Kpalimé nísàlẹ̀, ẹ ó sì rí Agou lókèèrè. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, ẹ lè rí kọfí tí wọ́n sá sórí tapólì lẹ́bàá ọ̀nà, tí ọmọdé kan ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn yí i ká, tó ń fi ìka ẹsẹ̀ la ojú ìlà sínú rẹ̀ kí oòrùn lè dé ìsàlẹ̀. Labalábá ni Kouma-Konda fi gbajúmọ̀. Ará abúlé kan yóò mú yín wọ inú igbó lọ wò wọ́n, yóò sì máa fi ewé tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró hàn yín. Ẹ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nítorí labalábá nìkan. Gánà kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ipa ẹsẹ̀ inú igbó kò sì ní pátákó bọ́dà.

Sísọ̀kalẹ̀ ló léwu ju gígùn lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí èyí. Àwọn ọlọ́kadà kan máa ń pa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, kí epo má baà tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí ọ̀kadà kò sì sí nínú gíà, bíréèkì nìkan ló kù tó ń dì í mú. Bí bíréèkì bá sì ti ń di taya mú láìdáwọ́ dúró ní kọ́nà lẹ́yìn kọ́nà, yóò gbóná, agbára rẹ̀ yóò sì dín kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí gíà sì wà nísàlẹ̀, ní ìkíní tàbí ìkejì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni yóò máa fa ọ̀kadà sẹ́yìn, bíréèkì yóò kàn máa ràn án lọ́wọ́ ni. Kí ẹ tó gbéra ni kí ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ kó pa ẹ́ńjìnnì. Bó bá ṣe é síbẹ̀, ẹ ní kó dúró, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àsìkò wo ló dára? Nígbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ojú ọ̀nà gbẹ, ṣùgbọ́n eruku á bo òkè mọ́lẹ̀ débi pé ẹ lè dé ẹsẹ̀ Agou kẹ́ ẹ má rí orí rẹ̀, omi tó ń já láti orí àpáta ní Kpimé àti Womé náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Nígbà òjò ńlá, omi pọ̀, àmọ́ ẹrẹ̀ wà lórí ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí. Ìparí oṣù kẹwàá wọ oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù: omi ṣì ń já, igbó ṣì tutù, òjò tó rọ̀ lálẹ́ ti fọ ojú ọ̀run, ẹni tó bá tètè jí yóò rí jìnnà.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ sí i, kó wọ ọkọ̀ Atakpamé ní Kpalimé, kó sì sọ̀ ní Adéta. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà lọ sí orí òkè Danyi. Òkè tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni Danyi. Bí ẹ bá ti gòkè tán, oko ni ẹ ó bá, àti abúlé, àti ọ̀nà tó tọ́. Ní Dzogbégan, àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń tẹ̀lé ìlànà Bẹ́nẹ́díìtì dá ilé àdúrà kan sílẹ̀ lọ́dún 1961. Wọ́n ń gba àlejò, wọ́n sì ń ta kọfí, oyin àti jáàmù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Fún ẹni tó dá rìnrìn àjò, pàápàá obìnrin, n kò mọ ibi tí ọkàn ti lè balẹ̀ jùyẹn lọ láti sùn. Ẹ mú aṣọ òtútù dání. Òru ibẹ̀ kì í ṣe òru Kútọ̀nú. Ọkọ̀ kò pọ̀ lórí òkè yẹn, nítorí náà ẹ béèrè lálẹ́ pé aago mélòó ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀.

Láti Adéta, ọ̀nà náà ń bá ẹsẹ̀ òkè lọ títí dé Atakpamé. Orí òkè àti àárín àfonífojì ni wọ́n kọ́ ìlú yẹn sí, àwọn Ìfẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, sì wà lára àwọn tó ni ín. Ìtàn wọn so wọ́n mọ́ Ilé-Ifẹ̀. Èdè wọn jẹ́ ìbátan tiwa. Bí ẹ bá fara balẹ̀, ẹ ó máa mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe ọdún iṣu, a sì tún mọ̀ wọ́n fún àwọn oníjó tó ń jó lórí ọ̀pá gígùn. Ọmọ Yorùbá tó bá dá wọ ìlú náà, tó sì mọ bí a ṣe ń kí àgbà, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ẹni tí yóò fi ìlú hàn án. Nítòsí ibẹ̀ ni Kamina wà, níbi tí àwọn ará Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan sí, tó ń bá Nauen ní Jámánì sọ̀rọ̀ tààrà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n parí rẹ̀ tí ogun fi dé, àwọn fúnra wọn ló sì fọ́ ọ ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ ọdún 1914, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Atakpamé wà lórí ọ̀nà ńlá tó lọ láti Lomé sí àríwá, nǹkan bí 160 kìlómítà sí Lomé, nítorí náà ọkọ̀ àbọ̀ kì í ṣòro rí. Ẹ kàn ṣírò aago dáadáa, torí nígbà àbọ̀, wákàtí kan á sọnù lọ́wọ́ yín ní Hillacondji. Bí ẹ bá kúrò ní Lomé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, aago mẹ́rin ló ti lù ní Kútọ̀nú, ó sì ṣeé ṣe kó tó aago mẹ́jọ alẹ́ kí ẹ tó dé. Ẹni tí kò bá tíì wọ ọkọ̀ Jonquet ní Lomé kí aago kan tó lù, kó sun Lomé, kó sì gba ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.